Kí Ló Wà Lábẹ́ Oko Wa? Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Ka Àpáta, àti Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Kà Á

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Àfọ̀, Ìdóàní, Ìmèrí, Ìdógùn àti gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti irúgbìn, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkòrò. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ọkọ́ ń kọ nìkan kọ́ o. A fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, dé ibi tí dígà ti máa ń kọ̀ tí ọwọ́ á sì ta èèyàn.

Ìdí tí a fi mú un wá rèé. Kókò tí ẹ bá gbìn, tó bá rí ibi fi gbòǹgbò rìn, á máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá rí ibi rìn, kò ní sọ fún yín lọ́dún kìíní. Á yọ ewé, á dára lójú, ọdún kẹta á kọjá. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kan bá wá le ni orí igi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. A ó máa bú kòkòrò, a ó máa fura sí ọmọ aráyé, bẹ́ẹ̀ olú gbòǹgbò ti kan àpáta láti ọjọ́ yìí wá ni. Kànga náà bẹ́ẹ̀: owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ kì í padà wá tí kò bá sí omi níbẹ̀. Nítorí nǹkan méjì yìí, ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ oko rẹ̀ kí ó tó náwó.

Ẹ gbẹ́ ihò kan ná

Ẹ wá ibi kan láàrin oko tí ẹ fẹ́ fi gbin kókò, kì í ṣe etí ọ̀nà, kì í ṣe orí ààtàn. Ẹ gbẹ́ ihò tí èèyàn lè dúró nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6 ní jíjìn, bí ilẹ̀ bá gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí oòrùn máa tàn sí i. Ẹ fi àdá ha ẹ̀gbẹ́ náà títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi hàn dáadáa. Ẹ má gbẹ́ ẹ lásìkò òjò ńlá o, kó má baà wó lu èèyàn, ẹ má sì dá nìkan wọ inú rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ oko wa, ohun tí ẹ ó rí láti òkè wá sísàlẹ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Lókè ni ilẹ̀ dúdú, ó rọ̀, gbòǹgbò kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, ekòló ń gbé ibẹ̀. Kì í nípọn púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì bá ìpele òkúta wẹ́wẹ́: òkúta funfun tó mú bí ìgò fífọ́, àti ọta yangí róbótó róbótó. Lábẹ́ ìyẹn ni amọ̀ pupa tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Pupa yẹn, irin ni. Irin inú àpáta ló dógùn-ún. Lábẹ́ amọ̀ ni ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ó jọ àpáta, ẹ rí ìlà àpáta lára rẹ̀, funfun, pupa, àwọ̀ iyeyè, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó rún. Àpáta tó ti jẹrà nìyẹn. Àpáta gidi ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ihò yẹn ti kọ́ wa. Lọ́pọ̀ ibi lágbègbè wa, ilẹ̀ tí a ń ro kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kó wá dà lé àpáta lórí. Àpáta yẹn gan-an ló jẹrà di ilẹ̀. Omi òjò tó ń wọ̀ lọ, ooru, gbòǹgbò igi àti ewé jíjẹrà ló ń bá a jà. Òkúta funfun tó mú yẹn kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu; òun ló di iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, kò sì ní oúnjẹ kankan tó fẹ́ fún igi. Àwọn ohun yòókù inú àpáta ló ń di amọ̀, bí wọ́n sì ti ń di amọ̀ ni wọ́n ń tú oúnjẹ igi sílẹ̀. Àpáta tó ní òkúta funfun púpọ̀ á bí ilẹ̀ iyanrìn. Àpáta dúdú tí horo rẹ̀ kúnná á bí ilẹ̀ amọ̀. Bí ìyá ṣe rí ni ọmọ ṣe rí.

Ìpele òkúta wẹ́wẹ́ tó wà láàrin ńkọ́? Ikán àti ekòló ló dá a sílẹ̀ lápá kan. Wọ́n ń gbé erùpẹ̀ kíkúnná láti ìsàlẹ̀ wá sókè lójoojúmọ́, wọn kò lè gbé òkúta. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, erùpẹ̀ kúnná wà lókè, òkúta kù sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gán fi wúlò fún ẹni tó lójú inú: erùpẹ̀ ara rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti wá. Ẹ fọ́ ọ wò kí ẹ tó gbẹ́ ihò. Tí ẹ bá rí nǹkan pẹlẹbẹ kéékèèké tó ń dán níbẹ̀, góòlù kọ́ o. Máíkà ni, ó pọ̀ nínú àpáta wa, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ta oko nítorí rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wà nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ yìí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan ni ìmọ̀ àpáta ti wá. James Hutton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, àgbẹ̀ ni. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà, kò ṣe é. Ní nǹkan bí 1754 ó lọ jókòó ti oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún tó ju mẹ́wàá lọ. Ohun tí gbogbo wa ń rí lẹ́yìn òjò lòun náà ń rí: omi pupa nínú kòtò, ilẹ̀ oko ń bá àgbàrá lọ sódò, odò ń gbé e lọ sókun. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, bí ilẹ̀ bá ń lọ báyìí lójoojúmọ́, kí ló dé tí kò tíì tán?

Èsì tó rí ni pé ilẹ̀ tuntun ń wáyé bí ti àtijọ́ ṣe ń lọ. Àpáta ń jẹrà di erùpẹ̀, erùpẹ̀ ń kó jọ sábẹ́ omi, ó ń le padà di àpáta, ooru inú ilẹ̀ á sì tún gbé e sókè. Àwọn ará ìgbà rẹ̀ ń ka ọjọ́ orí ayé sí nǹkan bí 6,000 ọdún. Hutton wo bí kòtò oko rẹ̀ ṣe ń yí padà lọ́dọọdún, ó rí i pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kò tó rárá. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní 1785, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1788.

Lọ́dún 1785 yẹn náà ló lọ sí àfonífojì kan tó ń jẹ́ Glen Tilt. Ó bá gíráníìtì níbẹ̀ tó ya wọ inú àpáta mìíràn bí gbòǹgbò ṣe ń ya wọ inú ilẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé àwọn tó mú un lọ rò pé ó rí góòlù tàbí fàdákà ni. Ohun tó rí sì ju góòlù lọ lójú rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé gíráníìtì ti yọ́ rí bí omi gbígbóná, ó wọ inú àpáta tó ti wà ńlẹ̀, ó tó dì. Nítorí náà, òun ni àbúrò.

Ẹ lè rí irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ lọ sí Scotland. Ẹ lọ síbi àpáta pẹrẹsẹ tí ẹ ti ń sá ẹ̀gẹ́ tàbí kókò, tàbí ibi tí katakata ti gé òkè nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Ẹ máa rí àpáta onílà, dúdú-funfun, dúdú-funfun, bí aṣọ òfì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ ó tún rí okùn òkúta funfun tó dá ìlà náà kọjá. Ojú ọ̀nà tó la oko kọjá, ṣé kì í ṣe oko ló ti wà tẹ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni: èyí tí wọ́n gé ni ẹ̀gbọ́n, èyí tó gé e ni àbúrò.

Ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀

Ọ̀nà kejì láti mọ ẹ̀gbọ́n ni ti erùpẹ̀ tó tò lé ara wọn. Tí a bá to àpò kókò jọ ní sítóò, ti ìsàlẹ̀ la kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Nicolaus Steno, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ń gbé ní Ítálì, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1669 pé bẹ́ẹ̀ ni ìpele erùpẹ̀ ṣe rí, àfi tí nǹkan bá dà á rú lẹ́yìn. Kò jọ ọ̀rọ̀ ńlá, àbí? Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn dúró lé.

Wọ́n lò ó nítòsí wa. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ àpáta kan nítòsí Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ihò Eléérú lorúkọ ibẹ̀. Ìwé àwọn òyìnbó kọ ọ́ ní “Iwo Eleru”, àṣìkọ yẹn ló sì ń tàn kálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá ní ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò, ìpele òkè ló ti jáde. Nísàlẹ̀, òkúta tí èèyàn ṣá fi ṣe irinṣẹ́ ni, kò sí ìkòkò. Nítòsí ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti rí egungun èèyàn kan. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ fi hàn pé ó ju 11,000 ọdún lọ. Ẹ wá fi wé ti Ọ̀wọ̀ níbí: ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó Lájà ní 1971, nǹkan bí 600 ọdún péré ni ọjọ́ orí tiwọn.

Agbè ẹmu inú òkúta

Ẹ ó bi wá pé, báwo ni wọ́n ṣe mọ iye ọdún? Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yé wa, ta ló ka ọdún?

Ẹ jẹ́ ká fi ti adẹ́mu ṣe àpẹẹrẹ. Adẹ́mu so agbè mọ́ ọ̀pẹ. Tí a bá mọ iye ẹmu tó ń kán ní wákàtí kan, tí a sì wo bí ẹmu inú agbè ṣe pọ̀ tó, a lè sọ ìgbà tó so ó, bí a kò tilẹ̀ rí adẹ́mu sójú. Ohun méjì ló lè tàn wá jẹ: kí agbè máa jò, tàbí kí ẹmu àná ti wà nínú rẹ̀.

Nínú àpáta, ohun kan wà tó ń jẹ́ uranium. Fúnra rẹ̀ ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tó ń di òjé. Òjò kò lè mú un yára, ooru kò lè mú un falẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kan rẹ̀ lónìí, ìdajì rẹ̀ á di òjé láàrin nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọdún. Àwọn horo kéékèèké kan sì wà nínú gíráníìtì tí wọ́n ń pè ní zircon. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó horo iyanrìn. Nígbà tí zircon ń dì láti inú àpáta tó yọ́, ó máa ń gba uranium wọlé, ó sì máa ń kọ òjé sílẹ̀. Nítorí náà, òjé tí wọ́n bá bá nínú rẹ̀ lónìí, inú ibẹ̀ ló ti di òjé. Agbè tí kì í sábà jò nìyẹn, tí kò sì sí ẹmu àná nínú rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kì í gba horo kan gbọ́. Wọ́n á wọn ọ̀pọ̀, wọ́n á fi èsì wọn wéra.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé gíráníìtì ńlá Ìdànrè tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, àti pé lára àpáta onílà tó wà ní ìhà Ìbàdàn ju bílíọ̀nù méjì ọdún lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. O. Oyawoye, ọmọ bíbí Ọ̀fà, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àpáta, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí irú àpáta wa yìí ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n M. A. Rahaman ṣe tirẹ̀ ní Ifẹ̀. Ti ayé lápapọ̀, Clair Patterson, ọmọ Amẹ́ríkà, ló wọn òjé inú òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1956: nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọdún.

Èédú àti egungun ní ọ̀nà tiwọn, èyí tí kò ṣe é lò fún ohun tó bá ju nǹkan bí 50,000 ọdún lọ. Òun ni wọ́n lò ní Ihò Eléérú.

Ẹ fi horo àgbàdo kan dúró fún 1,000 ọdún. Ère Igbó Lájà kò tó horo kan. Ihò Eléérú kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ. Gíráníìtì Ìdànrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àpò ńlá méjì, irú èyí tó ń gba 100 kìlógíráàmù.

Kíkan ilẹ̀ bí ẹní kan dọ́ọ̀mù

Kò tíì sí ẹni tó dé àárín ayé. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbẹ́ ihò kan ní Kola, wọ́n dé mítà 12,262 ní 1989, kò sí ihò tó jìn jù ú lọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan nígbà náà. Kìlómítà 12 péré ni, bẹ́ẹ̀ àárín ayé jìn tó kìlómítà 6,371. Wọn ò tilẹ̀ tíì la èèpo ayé já.

Ṣùgbọ́n ìyá tó fẹ́ mọ ibi tí omi dé nínú dọ́ọ̀mù kì í dà á nù kí ó tó mọ̀. Á kàn án láti òkè wá sísàlẹ̀, ibi tí ohùn bá ti yí padà ni omi wà. Ẹni tó ń ra ìkòkò lọ́jà náà á fi ìka kàn án bóyá ó ti sán. Ilẹ̀ mímì ni àwọn onímọ̀ fi ń kan ayé. Tí ilẹ̀ bá mì níbì kan, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí oríṣiríṣi ìlú á gbọ́ ọ. Wọ́n á wo bí ìmìtìtì náà ṣe yára dé, àti irú èyí tó dé. Oríṣi ìmìtìtì kan wà tí kì í la ohun tó bá yọ́ bí omi kọjá. Ibi tí kò bá ti jáde lódìkejì ayé, wọ́n mọ̀ pé ohun tó yọ́ ló dí i lọ́nà.

Richard Oldham ló kọ́kọ́ fi irú iṣẹ́ yìí hàn ní 1906 pé ayé ní kókó kan nínú. Ní 1936, obìnrin kan, Inge Lehmann, ọmọ ilẹ̀ Denmark, fi hàn pé kókó mìíràn tó le wà nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tí a mọ̀ báyìí ni pé èèpo ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 35 sí 40. Bí a bá fi ayé wé ẹyin, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo ẹyin lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpáta gbígbóná wà títí dé bíi kìlómítà 2,900, lẹ́yìn náà irin yíyọ́, lẹ́yìn náà irin líle ní àárín gbùngbùn.

Ilẹ̀ kì í sábà mì lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ń mì. Ó wó ilé, ó sì pa èèyàn ní Àkìrà ní ilẹ̀ Gánà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1939. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn mọ̀ ọ́n lára ní 1984, apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá sì tún mọ̀ ọ́n lára ní oṣù kẹsàn-án 2009. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ sí ní Nàìjíríà.

Ìdí òkè ńlá la wà

Gíráníìtì kì í dì sórí ilẹ̀. Horo rẹ̀ tóbi nítorí pé jẹ́jẹ́ ló ń tutù, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, lábẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà àpáta mìíràn. Kí ló dé tó wá wà ní gbangba tí ewúrẹ́ ń gun orí rẹ̀? Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ti jẹrà, òjò ti gbá a lọ. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ńláńlá kọlu ara wọn níbi tí a wà yìí, òkè gíga ru sókè. Ìdí òkè yẹn ni ó kù tí a ń gbin iṣu sí.

Àpáta irú tiwa wà ní ìlà oòrùn Brazil, ọjọ́ orí wọn bára mu. Alfred Wegener, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló sọ ọ́ gbangba ní 1912 pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so pọ̀ rí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí ẹ̀rọ ń wọn bí ilẹ̀ méjèèjì ṣe ń jìnnà síra: ó ń tó ìwọ̀n ìka méjì lọ́dún, nǹkan bí èékánná ṣe ń hù.

Nígbà tí wọ́n ya, òkun wọlé. Ẹni tó bá kúrò ní Àfọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ gba Ìfọ́n lọ sí Òkèlúsè àti Arímogìjà á rí i pé àpáta ń tán lọ, ilẹ̀ ń di iyanrìn àti amọ̀ títẹ́jú. Ní Òkèlúsè, òkúta ẹfun tí wọ́n lè fi ṣe síméńtì wà nílẹ̀. Inú òkun tí kò jìn ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti máa ń kó jọ, láti ara ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ewékorò láti 1960 tí ilé iṣẹ́ síméńtì ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ìdí òkè àtijọ́ wà lápá àríwá, ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ wà lápá gúúsù. Ìmọ̀ràn tí wọ́n bá fún àgbẹ̀ Òkèlúsè lórí ilẹ̀ tàbí kànga, ẹ má gbé e wá sí Àfọ̀ láìbéèrè.

Èyí tó kan kókò

Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà gbé ìwé kan jáde ní Ìbàdàn, èyí tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn èèyàn wọn gbẹ́ ihò bí irú èyí tí a júwe lókè káàkiri igbó. Wọ́n pín ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpáta tó bí i, wọ́n sì fi orúkọ ìlú sọ wọ́n. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá, láti ara àpáta tí horo rẹ̀ kúnná: amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kókò fẹ́ràn rẹ̀. Ilẹ̀ Ìtágùnmódi, láti ara àpáta dúdú tó kún fún irin: pupa, ó jìn, òkúta kò sí nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Òndó wà láàrin. Ilẹ̀ Ìwó, láti ara gíráníìtì tí horo rẹ̀ tóbi: iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù, ó máa ń tètè gbẹ. Ilẹ̀ Òkèmẹ̀sí, láti ara òkúta funfun: òkúta ni, kò jìn, ẹ má fi ọmọ kókò ṣòfò níbẹ̀.

Nínú ihò yín, ohun tí ẹ ń wá ni pé kí ẹ lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 láìkan àpáta tàbí yangí tó dì gbagidi. Ọta yangí tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí gbòǹgbò lè gba àárín rẹ̀ kọjá, kò burú tó bẹ́ẹ̀ bí amọ̀ bá wà láàrin wọn. Ẹ bu amọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ yí i bí okùn. Bó bá yí láìjá, ó lè pa omi mọ́ fún igi lẹ́ẹ̀rùn. Bí kò bá yí rárá, iyanrìn ni. Ẹ̀gẹ́ àti kajú á gbà á ju kókò lọ. Bí àwọ̀ ìsàlẹ̀ bá ṣe bí eérú, tí omi ń yọ sínú ihò, omi ti ń dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àkùrọ̀ ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì. Ihò kan kò tó. Orí òkè, àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ìsàlẹ̀ nítòsí odò kì í rí bákan náà, kódà nínú oko éékà méjì. Ihò mẹ́ta, iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún ọkùnrin méjì: ẹ fi wé ọdún mẹ́fà tí igi á fi gbẹ mọ́ yín lójú.

Èyí tó kan kànga

Lápá àríwá wa, kò sí odò tó ń ṣàn lábẹ́ àpáta bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ibi méjì lomi wà: nínú àpáta jíjẹrà, àti nínú ojú sísán àpáta gidi. Ibi tí àpáta ti jẹrà jìn ni kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ ti máa ń lómi. Ibi tí àpáta ti yọ sórí ilẹ̀ nítòsí, ẹ ṣọ́ra; àpáta jíjẹrà ibẹ̀ kì í sábà nípọn. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dára ju orí òkè lọ. Ẹ sì wo àwọn kànga àdúgbò lóṣù kẹta kí òjò tó dé, ẹ wọn jíjìn omi wọn pẹ̀lú okùn. Oṣù yẹn náà ló yẹ kí ẹ gbẹ́ tiyín, torí kànga tí a gbẹ́ lóṣù kẹsàn-án, omi òjò ló ń fi tan èèyàn.

Kí ìlú tó sanwó kànga ẹlẹ́rọ, ẹ sọ pé àfi kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Iṣẹ́ náà rọrùn láti mọ̀ lójú: wọ́n á kan ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, wọ́n á fi bátìrì rán iná sínú ilẹ̀, wọ́n á ka nọ́ńbà, wọ́n á tún fa ọ̀pá jìnnà síra, wọ́n á tún kà á. Bí ọ̀pá bá ṣe jìnnà síra tó ni iná ń wọlẹ̀ tó. Amọ̀ tútù àti àpáta jíjẹrà tó lómi ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Àpáta gidi tí kò sán ń dí i lọ́nà. Nínú nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ti ń mọ bí àpáta jíjẹrà ṣe nípọn tó. Ẹni tó bá dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ nìkan tó ní òun ti mọ ibi tí omi wà, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi mélòó ló yẹ̀ wò. Ibi kan ṣoṣo kò tó láti fi mú ibi tó dára jù.

Kànga yín, ẹ jẹ́ kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ṣáláńgá, kó sì wà lókè rẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má fi ihò àyẹ̀wò oko sílẹ̀ láìdí o, kí ọmọdé tàbí ẹran má baà kó sí i. Ẹ dá amọ̀ padà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ilẹ̀ dúdú sókè. Ilẹ̀ ibẹ̀ á ti rọ̀, ẹ lè ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀ tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.